Orúkọ Tí Ilẹ̀ Sọ Ọmọ: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò sí Cornwall

Ọjọ́ Ajé: Láti Plymouth sí Truro

Òwúrọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin gbé wa kúrò ní Plymouth, kò sì pẹ́ tí a fi gun afárá irin ńlá tí Brunel kọ́ sórí odò Tamar, èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún 1859 sí lára ní lẹ́tà gàdàgbà. Odò yìí ni ààlà. Devon wà lẹ́yìn wa, Cornwall sì wà níwájú, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè ní Kernow, níbi tí èdè mìíràn ti jọba fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Kernewek ni orúkọ èdè náà. Èdè Wales àti èdè àwọn ará Brittany ní ilẹ̀ Faransé ni ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti ń gbé ní Plymouth tipẹ́, ni a jọ lọ. Etí òkun ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá lọ. Orúkọ ìdílé ni èmi ń wá. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó ní ìtumọ̀ orúkọ wọn ni ó ti ń wù mí láti mọ bí orúkọ ṣe máa ń rí lẹ́nu àwọn tí èdè baba wọn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nípa orúkọ Cornwall ni ọ̀rọ̀ kan tí Richard Carew, òǹkọ̀wé ọmọ Cornwall, kọ sílẹ̀ ní ọdún 1602, pé Tre, Pol àti Pen ni a ó fi dá ará Cornwall mọ̀. Tre ni abúlé tàbí ilé oko, Pol ni adágún omi, Pen sì ni orí, ìbáà ṣe orí ènìyàn tàbí orí òkè, tàbí ìparí nǹkan. Òótọ́ ni, nítorí Trelawny, Tremayne, Polglase, Polkinghorne, Penrose àti Pengelly kò ṣe é fi bò pé Cornwall ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kó gbogbo wọn já. Ó fi Nans sílẹ̀, èyí tí í ṣe àfonífojì, tó wà nínú Nancarrow, àfonífojì àgbọ̀nrín. Ó fi Chy sílẹ̀, èyí tí í ṣe ilé, tó wà nínú Chenoweth, ilé tuntun. Ó sì fi Bos sílẹ̀, ibùgbé, tó wà nínú Boscawen, ibùgbé tó wà nídìí igi kan tí wọ́n ń pè ní scawen. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá rin ìgboro Cornwall yóò pàdé Williams, Thomas àti Richards tó pọ̀ lọ jàra, àwọn náà kò sì kéré sí ará Cornwall ju ẹlòmíràn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Truro

N kò lè wá sí Truro kí n má gun òkè Lemon Street lọ wo òpó òkúta gíga tí ère Richard Lander wà lórí rẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1804. Ọmọ ilé ọtí ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbélé láti kékeré. Òun ni ó bá Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825 tí wọ́n sì gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Òun kan náà ni ó tún padà wá pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀ ní ọdún 1830, tí wọ́n fi tọ odò Ọya dé ibi tó ti wọ òkun. Burnard, ọmọ Cornwall, ni ó gbẹ́ ère náà.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ìsàlẹ̀ òpó náà, ó wò ó títí, ó ní, "Àbúrò, ṣé ọkùnrin yìí ti jẹ iyán wa rí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí kò bá jẹ ẹ́ ní Ọ̀yọ́, ebi ni ì bá pa á." Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi yàtọ̀. Nínú ìwé ìrìn-àjò àwọn ará Cornwall àti Scotland wọ̀nyí, Ọ̀yọ́ di "Eyeo", wọ́n sì tún ń pè é ní "Katunga", orúkọ tí àwọn Hausa fún un. Àgbádárìgì di "Badagry", èyí tó wà lórí àwòrán ilẹ̀ títí di òní. Yorùbá fúnra rẹ̀ di "Yarriba". Bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ ni ọwọ́ wọn ṣe kọ ọ́. Ohun tí akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe sí orúkọ ìlú àti orúkọ ìdílé àwọn baba ńlá Lander fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni Lander náà wá ṣe sí tiwa, n kò sì rò pé ó fura.

Ọjọ́rú: Redruth

Orúkọ ìlú yìí ti tó àpẹẹrẹ. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé "red", pupa, ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kọ́. "Rys" ni ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ibi tí a ti ń la odò kọjá. "Rudh" tó wà ní ìparí ni pupa. Ìlú odò pupa ni, pupa náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí àlejò ń wò.

Kresen Kernow ni a lọ, ilé àkójọ ìwé ìtàn Cornwall, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019 nínú ilé tí wọ́n ti ń pọn bíà tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi sì fi mí sílẹ̀ lọ wo ọjà. Bí ènìyàn bá ń tẹ̀ lé ìdílé kan nínú àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àti ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, ohun àkọ́kọ́ tí yóò kọ́ ni pé kò sí ọ̀nà kan pàtó láti kọ orúkọ. Chenoweth ni Chynoweth, Tyack ni Tyacke, Pascoe ni Pasco. Bí àlùfáà bá jẹ́ ará ibòmíràn, ohun tó bá gbọ́ ni yóò kọ, ẹni tó ń gbé ọmọ wá ṣe ìrìbọmi kò sì mọ̀wé tí yóò fi bá a jiyàn.

Ohun kejì ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Ní ìwọ̀-oòrùn Cornwall, títí wọ inú ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, orúkọ ìdílé kò tíì dúró sójú kan. Ọkùnrin tó ń dáko ní Trevean ni wọ́n ń pè ní Trevean. Bí ó bá kó lọ sí Penrose, ó lè di Penrose, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù sẹ́yìn sì máa jẹ́ Trevean lọ. Carew pàápàá sọ ọ́ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ a máa pa orúkọ dà bí wọ́n ṣe ń pa ibùgbé dà. Nítorí náà, àwọn ìdílé méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè má bá ara wọn tan rárá. Oko kan náà ni wọ́n kàn jọ gbé rí. Àwa máa ń gbọ́ Ògún, Ifá, Ọ̀jẹ̀ tàbí Adé nínú orúkọ kí á tó mọ irú ilé tí ẹnì kan ti jáde. Tiwọn kò sọ irú ilé, ilẹ̀ ni ó ń sọ. Mo rò pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá ìran wọn ni pé wọ́n gbà pé orúkọ Tre jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àdírẹ́sì ni.

Bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe so pọ̀ náà ní òfin tirẹ̀, òfin yìí ni kò sì jẹ́ kí ojú tètè mọ̀ wọ́n. Nínú Kernewek, kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ a máa rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ṣíwájú rẹ̀. "Byghan" ni kékeré, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tre, b di v, a sì rí Trevean, oko kékeré. "Ker" ni ìlú olódi, k sì di g nínú Tregear. Tre fúnra rẹ̀ kò bọ́ níbẹ̀: bí "an" bá ṣíwájú rẹ̀, yóò di dre, ìdí nìyẹn tí orúkọ Andrewartha fi wà, oko tó wà lókè, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rò pé Andrew inú Bíbélì ni ó bí i.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀. Àwọn kan jẹ́ orúkọ iṣẹ́: Tyack ni àgbẹ̀, Marrack ni ẹlẹ́ṣin, Trahair ni aránṣọ. Àwọn kan jẹ́ orúkọ ìrísí: Angwin ni ẹni funfun, Annear ni ẹni gíga, Couch ni ẹni pupa, tí wọ́n ń pè bíi "kúùṣì", kò sì bá àga tí ó jọ ọ́ nínú ìwé tan rárá. Polglase ni adágún "glas", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kó àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ojú ọ̀run pọ̀, èyí tí kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu, àwa tí a ń fi pupa pe epo, tí a tún ń fi pe ènìyàn. Pascoe ló sì dùn mọ́ mi jù. Láti ara Pask, ọdún Àjíǹde, ni ó ti wá, ọmọ tí wọ́n bí lásìkò ọdún ni wọ́n sì ń sọ ọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́, kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní, "Abíọ́dún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́bọ̀: Penzance, Mousehole àti Paul

Penzance ni Pensans, orí mímọ́, ìyẹn orí ilẹ̀ tó yọ sínú òkun níbi tí ilé àdúrà kan wà nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú náà fẹ́ ní òǹtẹ̀, orí ènìyàn ni wọ́n yà sí i, orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi nínú àwo pẹrẹsẹ. Òpópónà ńlá tó gun òkè láti ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ń pè ní Market Jew Street. Àwọn Júù kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá. "Marghas Yow" ni, ọjà Ọjọ́bọ̀, orúkọ ibi tí ọ̀nà náà ń gbéni lọ ní apá Marazion. Ó bọ́ sí i pé Ọjọ́bọ̀ ni a gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀gbọ́n mi sì ra ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀ kí ọjà náà má bàa já sí asán.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mousehole. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, awakọ̀, ọmọdékùnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, kí i, ó pè é ní "my lover". Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi: "Àbúrò, ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń pè mí?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀ níbí, kò sí ìfẹ́ kankan nínú rẹ̀." Ó ní òun kò bínú, pé ó kàn ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ti pe òun bẹ́ẹ̀.

Mousehole jẹ́ abúlé apẹja tí ilé rẹ̀ fún mọ́ ara wọn yí èbúté kékeré kan ká. Ibí yìí ni Dolly Pentreath gbé, obìnrin tó ń ta ẹja, tí wọ́n máa ń sọ pé òun ni ó sọ Kernewek gbẹ̀yìn. Orúkọ tirẹ̀ gan-an jẹ́ àdírẹ́sì: "pen" àti "treth", ìparí iyanrìn etí òkun. Ní ọdún 1768 ni Daines Barrington, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, wá a lọ, tó fi ẹ̀tàn sọ fún un pé òun kò gbà pé ó gbọ́ èdè náà, ìyá sì fi Kernewek bú u dáadáa. Ó kú ní ọdún 1777. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lára ògiri itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì Paul, lórí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé náà. Ọmọ ọba kan láti ìdílé Bonaparte, tó jẹ́ onímọ̀ èdè, àti àlùfáà Paul ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1860.

Mo dúró pẹ́ níwájú òkúta yìí. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ òfin karùn-ún sí, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Kernewek: "Gwra perthi de taz ha de mam". Bọ̀wọ̀ fún baba òun ìyá rẹ. Taz ni baba, mam ni ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi ka ti Gẹ̀ẹ́sì jáde, ó wá fi Yorùbá parí rẹ̀ láìwo òkúta: "kí ọjọ́ rẹ kí ó lè pẹ́ ní ilẹ̀". Ó bá ibẹ̀ mu ju bí ẹni tó yàn án ṣe lè rò lọ, nítorí pé ilẹ̀ ni ó pa èdè náà mọ́ nígbà tí ẹnu kò lè ṣe é mọ́.

Síbẹ̀, n kò gba ìtàn ẹni tó sọ ọ́ gbẹ̀yìn gbọ́ tọkàntọkàn. Ní ọdún 1776, nígbà tí Dolly ṣì wà láàyè, William Bodinar, apẹja Mousehole, kọ lẹ́tà ní èdè méjèèjì pé àwọn arúgbó mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó kù ní abúlé náà tó gbọ́ ọ. Ó ní inú ọkọ̀ ìpẹja ni òun ti kọ́ ọ nígbà tí òun bá baba òun lọ sójú òkun, níbi tí òun lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nọ́ńbà rẹ̀ pàápàá ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn apẹja àdúgbò yìí títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó sì yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ogún-ogún ni wọ́n ń kà á: "ugens" ni ogún, "dew ugens" ni ogún méjì, ìyẹn ogójì, "try ugens" sì ni ọgọ́ta.

Nílé tíì, wọ́n gbé hevva cake wá, àkàrà òyìnbó pẹrẹsẹ tó le díẹ̀, tó ní èso àjàrà gbígbẹ nínú, tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà lójú ní ìlà àgbékọjá bí ojú àwọ̀n. "Hevva!" ni igbe tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ òkun láti orí òkè máa ń ké nígbà tó bá rí ọ̀wọ́ ẹja sàdíìnì, obìnrin ilé a sì da ìyẹ̀fun pọ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó dé. Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di "heavy cake" báyìí, àkàrà tó wúwo.

Ọjọ́ Ẹtì: Pendeen àti Zennor

Òjò. Bọ́ọ̀sì pẹ́, ọkùnrin kan níbùdókọ̀ sì fọkàn wa balẹ̀ pé yóò dé "dreckly". Láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "lójú ẹsẹ̀" ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ní Cornwall, ìgbàkígbà tó bá wu ẹni tó sọ ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi ronú pé ó yẹ kí á ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó dún bí ti Cornwall ni ó jẹ́ Kernewek. "Emmet", èèrà, tí wọ́n fi ń pe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń ya wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni. "Muryan" gan-an ni èèrà ní Kernewek, ó sì wà nínú ẹ̀ka-èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní Cornwall, ṣùgbọ́n kò lókìkí. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ojúlówó a máa fara pamọ́ sídìí nǹkan kékeré: "quilkin" ni àkèré, "clunk" ni kí á gbé nǹkan mì, "padgypaw", ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, sì ni ẹranko kékeré kan tó jọ alángbá, tó ń gbé inú omi. "Croust", oúnjẹ tí òṣìṣẹ́ ń jẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, wà nínú Kernewek, àmọ́ Kernewek fúnra rẹ̀ yá a lọ́wọ́ Faransé ni.

Ní ibi ìwakùsà Geevor ní Pendeen, tí wọ́n tì ní ọdún 1990, tó sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, iṣẹ́ ni ó pa ọ̀rọ̀ mọ́. "Wheal" tó ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ àìmọye ibi ìwakùsà, Wheal Coates, Wheal Jane, Wheal Prosper, iṣẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Bal" ni ibi ìwakùsà, "bal maiden" sì ni àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń fi òòlù fọ́ òkúta lórí ilẹ̀. "Vug", ihò inú àpáta tí òkúta dídán máa ń hù sí, ti di ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ jákèjádò ayé. Yàrá tí àwọn awakùsà ti ń pa aṣọ dà ni wọ́n ń pè ní "the Dry". Aṣọ iṣẹ́ wọn ṣì rọ̀ sí ibẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tí iye bàbà àti tánganran já wálẹ̀, àwọn ènìyàn wọ̀nyí tú ká lọ sí Moonta ní Australia, Grass Valley ní California, Real del Monte ní Mexico, àwọn mìíràn sì dé Jos wa ní Nàìjíríà. Cousin Jack ni wọ́n ń pè wọ́n níbikíbi tí wọ́n bá dé. Ẹni tó bá fẹ́ wá orúkọ Cornwall lónìí kò gbọdọ̀ dúró sí Cornwall nìkan.

Ní Zennor, a kàn yà wo òkúta ìrántí John Davey, ará Boswednack, tó kú ní ọdún 1891, tí wọ́n ní ó ṣì mọ díẹ̀ nínú èdè náà láti ọ̀dọ̀ baba rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò: ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn Dolly, ó sì ku ọdún mẹ́tàlá péré kí Henry Jenner tó tẹ ìwé jáde ní 1904, èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jí èdè náà dìde. Àlàfo náà kò fẹ̀ tó bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: St Keverne

A gba Helston wọ ilẹ̀ Lizard, tí orúkọ rẹ̀ kò kan alángbá kankan. "Lys" ni ààfin, "ardh" ni ibi gíga. Ní ẹnu ọ̀nà abúlé St Keverne ni ère àwọn ọkùnrin méjì wà, Michael Joseph alágbẹ̀dẹ àti Thomas Flamank agbẹjọ́rò Bodmin. Ní ọdún 1497, nígbà tí Ọba Henry Keje bu owó orí lé wọn lórí nítorí ogun Scotland tí kò kàn wọ́n, àwọn méjèèjì ló síwájú ogunlọ́gọ̀ ará Cornwall tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn títí dé Blackheath lẹ́bàá London. Wọ́n ṣẹ́gun wọn níbẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, wọ́n sì pa àwọn aṣáájú méjèèjì ní Tyburn ní ọjọ́ kẹwàá sí i. Alágbẹ̀dẹ náà sọ, bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ lọ, pé orúkọ òun kò ní parẹ́. Wọ́n gbé ère yìí kalẹ̀ ní ọdún 1997, nígbà tí ó pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún.

Michael Joseph ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n An Gof, alágbẹ̀dẹ náà, ni gbogbo Cornwall fi ń pè é. Orúkọ iṣẹ́ yìí kan náà ni ó di orúkọ ìdílé Angove, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ́ ní Cornwall àti ní Australia títí di òní. Ibí yìí ni mo ti rí ohun tó tako gbogbo ohun tí mo ti ń rò láti Truro nípa àwọn akọ̀wé. Ìró tó parí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tó ni ín, v ni, kì í ṣe f. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó bọ̀wọ̀ fún ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń kọ Gof, tí àlejò fi ń pè é bíi pé f ni ó parí rẹ̀. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tí kò gbọ́ Kernewek kankan, tó kọ Angove sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu baba ọmọ, ni ó kọ ọ́ bó ṣe dún gan-an.